Owó GameCube ló kéré jù nígbà náà, kí ló dé tó fi di ọjà kùtà?

ọmọ_bódìjà:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àtijọ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London kó ẹrù ránṣẹ́ sílé lóṣù tó kọjá, ibi tí mo ti ń tú páálí ni mo ti bá GameCube kan pàdé, ẹ̀rọ géèmù tí Nintendo ṣe, pọ́púlù, ó ṣe kóńkó, ó tiẹ̀ tún ní ọwọ́ ìfàgbé lẹ́yìn. Èmi tí mo bá PS3 (PlayStation 3 ti Sony) dàgbà, mi ò fojú kan irú ẹ̀ rí. Mo wá lọ kà nípa ẹ̀, ohun tí mo kà ni ò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Oṣù kọkànlá ọdún 2001 ló jáde ní Amẹ́ríkà, $199. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Xbox ti Microsoft fi ṣíwájú ẹ̀, $299 ni tiẹ̀, PS2 náà ṣì wà ní $299. Ìyẹn ni pé odindi ọgọ́rùn-ún dọ́là ni GameCube fi dín sí tàwọn yòókù. Kì í sì í ṣe pé ó lẹ o, ó ń gbé géèmù dáadáa, páàdì tá à ń dì mú gbá géèmù, mẹ́rin ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó jẹ́ pé méjì péré ni ihò tó wà lára PS2. Síbẹ̀síbẹ̀, 21.74 mílíọ̀nù péré ló tà láyé ẹ̀, PS2 tà ju 160 mílíọ̀nù lọ. Ẹ gbà mí o! Lọ́jà Bódìjà níbí, tí ìyá aláta kan bá fi igba náírà dín sí ti ẹnìkejì ẹ̀, kó tó di ọ̀sán ata ẹ̀ á ti tán pátápátá, ṣé géèmù kì í ṣe ọjà ni?

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ nígbà yẹn, ẹ ṣàlàyé fún mi. Ṣé ìrísí ẹ̀ ló lé èèyàn, àbí owó ẹ̀ tó kéré gan-an ló jẹ́ kí wọ́n fojú yẹpẹrẹ wò ó?

Àdùnní_Peckham:

Àbúrò, jẹ́ n dá sí i torí ojú mi ló ṣe. Lọ́dún 2002 mo ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ Sátidé ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta géèmù ní gúúsù London níbí. Nígbà yẹn PS2 ti wálẹ̀ láti £299 sí £199 lọ́dọ̀ wa. Xbox wọlé lóṣù kẹta ní £299, ó lé díẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́fà péré tí wọ́n fi já a wá sí £199, Microsoft wá ní láti fi géèmù méjì àti páàdì kan ta àwọn tó ti sáré rà á lọ́rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni GameCube dé, oṣù karùn-ún, £129. £129 o! Ọ̀gá wa kó o jọ gègèrè sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó tó di Sátidé tó ń bọ̀ á ti tán. Kò tán.

Lọ́jọ́ kan ni ìyá kan wọlé, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, bó ṣe ń bá àwọn ọmọ ẹ̀ wí láti ìta ni mo ti mọ̀. Ọmọkùnrin méjì ló mú dání, ẹ̀gbọ́n á tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àbúrò á tó mẹ́jọ. Bí wọ́n ṣe wọlé, àbúrò ti gbé GameCube tá a gbé síta fún wíwò, ó fìka kọ́ ọwọ́ ìfàgbé yẹn, ó ń fì í síwá sẹ́yìn bí ẹni gbé àpò ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n bá sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lọ dúró sápá ibòmíì bíi pé wọn ò jọ wá. Màmá wo iye tá a lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ẹ̀ tú ká. Ó wá rọra bi mí ní Yorùbá pé, "Ọmọ mi, èyí dúdú tó wọ́n lọ́hùn-ún yẹn, kí ló lè ṣe tí eléyìí ò lè ṣe?" Mo ní ó ń gbé DVD, mà. Mo ní síídì PS1 tí wọ́n bá ní nílé, ó ń gbà á. Ó dákẹ́. Ó ń fi àtàǹpàkò ka ìka ọwọ́ ẹ̀, ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é. Ó ní, "Ìyẹn ni pé mi ò tún ní ra DVD fún bàbá wọn mọ́." Ọwọ́ ẹ̀ ti wọ báàgì nìyẹn, ẹ̀gbọ́n sì ti padà wá dúró tì wá tẹ̀rín tẹ̀rín.

Nínú ìṣirò màmá yẹn, PS2 ló dínwó jù nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù. £129 ti GameCube, géèmù nìkan lo rà, owó DVD ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Nintendo ní géèmù làwọn ń ṣe, àwọn ò ṣe fíìmù. Kò burú, àmọ́ ẹni tó ń yọ owó lápò, gbogbo pálọ̀ ló ń rò.

GTA_ló_gún:

Ẹ kàn ń fi DVD da ara yín láàmú ni. Nínú àwọn géèmù Grand Theft Auto, GTA III ò sí lórí GameCube, Vice City ò sí, San Andreas ò sí, ó parí. Ta ló fẹ́ máa bá Mario fò kiri lọ́mọ ogún ọdún?

bàbá_ìbejì:

Èmi o. Ọmọ ogójì ọdún, mo ṣì ń fò 😂

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo fi jẹun sọ tèmi. Láti 2004 sí 2009 mo ní ilé géèmù ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. PS2 mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin (àwọn oníkùn gbẹ̀ǹdù yẹn), bẹ́ǹṣì onígi, àti jẹ́nẹ́rétọ̀ kan tó ń pariwo ju àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ogún náírà ni wọ́n ń san fún bọ́ọ̀lù kan. Lọ́dún 2005 ọkùnrin kan gbé GameCube wá bá mi, ó ní àna òun ló fi ránṣẹ́, òun ò mọ ohun tóun fẹ́ fi ṣe, kí n fún òun níye tó bá wù mí. Iye tó wù mí kéré, ẹ má bi mí. Mo gbé e sáàárín àwọn PS2, mo ní ọlọ́run ti ṣe é.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo fi mọ̀ pé ẹrù ni mo rà. Ẹ wo páàdì ẹ̀, bọ́tìnnì kan gbàǹgbà aláwọ̀ ewé ló wà láàárín, àwọn kéékèèké wá yí i ká bí ọmọ adìyẹ. Ó wọwọ́ o, mi ò ní purọ́, ó tura lọ́wọ́ ju ti PS2 lọ. Àmọ́ ọmọ tó ti fi ọdún mẹ́ta gbá bọ́ọ̀lù lórí PS2, ìka ẹ̀ ló ń ronú fún un, kì í ṣe orí ẹ̀. O wá gbé páàdì yìí fún un, ó fẹ́ ṣúùtù, ó ń páàsì, ó fẹ́ páàsì, ó lọ ta èèyàn lẹ́sẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ mẹ́rin sódo, ó ní kí n dá ogún náírà òun padà, pé géèmù mi ti bàjẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ká má tan ara wa, síídì dọ́ọ̀bù ló gbé PS2 débi tó dé nílẹ̀ wa níbí. Wọ́n á bá ẹ fi ṣíìpù sínú ẹ̀ kó lè gba síídì dọ́ọ̀bù, o lọ bá oní-síídì lẹ́bàá títì, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún náírà o ti gba géèmù bọ́ọ̀lù Winning Eleven tuntun, ọ̀sẹ̀ méjì síídì yẹn ha, o lọ gba òmíì. GameCube ní tiẹ̀, síídì kékeré ló ń lò, sẹ̀ńtímítà mẹ́jọ, ó fẹ́ẹ̀ dà bí ìbòrí agolo mílíìkì. Ọ̀kan lára ìdí tí Nintendo fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni káwọn èèyàn bíi tiwa má baà rí i dọ́ọ̀bù. Ó jẹ́ fún wọn, a ò rí i dọ́ọ̀bù. A ò sì rí i rà. Géèmù kan ṣoṣo tí ọkùnrin yẹn gbé tẹ̀lé e, eré ìje ọkọ̀ kan, òun náà la gbá títí tó fi sú wa.

Nítorí náà, àbúrò ọmọ_bódìjà, iye tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ ni iye géèmù. Èmi tí mo rà á lówó táṣẹ́rẹ́, òun ló wọ́n mi jù nínú ṣọ́ọ̀bù torí kò pawó wọlé.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí lórí ìrísí. Nígbà tí PS2 pẹlẹbẹ jáde níparí 2004, kì í ṣe pé ó gbé géèmù ju ti àkọ́kọ́ lọ, nǹkan kan náà ni. Àmọ́ nígbà tọ́wọ́ mi tẹ tèmi, mo lè kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú báàgì kan ṣoṣo tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ kí n gbé e lọlé, olè dé kò bá nǹkan. Ìrísí tó wúlò fún mi nìyẹn. Ọwọ́ ìfàgbé ti GameCube, wọ́n ní ká lè máa gbé e lọ sílé ọ̀rẹ́ ni, àmọ́ wáyà, páàdì, àti bíríkì iná ẹ̀ tó wúwo bí òkúta, ọwọ́ wo lo fẹ́ fi gbé ìyẹn? Ọmọ mi obìnrin ló padà gbà á, ó fi ṣe àga fún bèbí ẹ̀.

ọmọ_bódìjà:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín 😂😂 Àmọ́ ṣé kò síye tí wọn ì bá já a sí tí á fi tà ni?

atúnẹ̀rọṣe_Ìkẹjà:

Ó wà. $99.

Ẹ wo bó ṣe lọ. Ọgọ́rùn-ún dọ́là tó fi ń yangàn yẹn, oṣù mẹ́fà péré ló lò. Oṣù karùn-ún 2002, Sony já PS2 sí $199, Microsoft náà já Xbox sí $199, GameCube bá sá wálẹ̀ sí $149. Ìyàtọ̀ ti di àádọ́ta dọ́là nìyẹn, àádọ́ta dọ́là ò sì ra ẹ̀rọ DVD gidi nígbà náà, ọ̀rọ̀ ìyá Ìjẹ̀bú yẹn náà la padà sí. Lọ́dún 2003 ọjà ti kún inú ilé ìkẹ́rùsí débi pé Nintendo ní káwọn tó ń ṣe é dáwọ́ dúró ná, kí wọ́n ta èyí tó wà nílẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n já a sí $99 ní Amẹ́ríkà, ọjà sì ṣí lóòótọ́, ó tà wìtìwìtì títí wọ ọdún Kérésì. Ṣé ẹ rí i, owó tó kéré díẹ̀ ò ta géèmù, owó tó kéré débi pé èèyàn ò ní bi ìyàwó ẹ̀ kó tó rà á ló ń tà á. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó ra PS2 ti ra mẹ́mọ́rì káàdì ẹ̀, ó ti ra síídì mẹ́wàá, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti ní in, kí ni yóò wá fi GameCube ṣe.

Èmi tí mo ń tú wọn, mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ya GameCube. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, gbogbo nǹkan inú ẹ̀ tò léra wọn bí abọ́ ìyàwó tuntun, ààyè kankan ò ṣòfò. Ìta ẹ̀ nìṣòro wà. Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, PS2 jókòó sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹ̀rọ ńlá, dúdú, ó lè dúró, ó lè dùbúlẹ̀, bàbá onílé ò ní tijú ẹ̀ tálejò bá dé. GameCube jókòó bí nǹkan ìṣeré. Síídì kékeré yẹn náà tún jẹ́ gbèsè fún wọn lọ́nà míì tí Ẹ̀gbọ́n Mọ́kọ́lá ò mẹ́nu bà: 1.5 gígábáìtì péré ló ń gbà, DVD ti PS2 gba 4.7, onípele méjì gba 8.5. Resident Evil 4, orí GameCube ló ti kọ́kọ́ jáde, ní 2005, síídì méjì ni. Nígbà tó dórí PS2 lọ́dún yẹn kan náà, ẹyọ kan ló gbà á. Tó bá jẹ́ ìwọ lò ń ṣe géèmù, ibo lo máa gbájú mọ́? Panasonic tiẹ̀ ṣe GameCube tó ń gbé DVD, Q lorúkọ ẹ̀, fàdákà, ó ń dán yanranyanran, àmọ́ Japan nìkan ni wọ́n ti tà á, owó ẹ̀ sì ti fò lọ sókè.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Wii, ẹ̀rọ tí Nintendo ṣe tẹ̀lé GameCube. 2006, $249, wọ́n sì fi géèmù Wii Sports sí i lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá tú u, ọpọlọ inú ẹ̀, ọmọ ìyá GameCube ni, wọ́n kàn jẹ́ kó yára sí i ni. Àwọn Wii àkọ́kọ́ ṣì ń gbé síídì GameCube, ṣí ìbòrí orí ẹ̀ wàá rí ihò páàdì mẹ́rin yẹn níbẹ̀ tí wọ́n tò kalẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n yí padà, kì í ṣe orí. Wọ́n gbé páàdì tó dà bíi rìmóòtù síta, nǹkan tí ìyá àgbà ti mọ̀ ọ́n dì mú tẹ́lẹ̀, ẹ kàn fì í bí ẹni gbá tẹ́níìsì. Satoru Iwata tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà náà to páálí DVD léra wọn, bíi mẹ́ta, ó ní kí Wii má nípọn jùyẹn lọ. Ó kéré, ó funfun, ẹnikẹ́ni ò ní ní kí wọ́n gbé e kúrò ní pálọ̀. 101.63 mílíọ̀nù ló tà. Ó ju ìlọ́po mẹ́rin GameCube lọ.

GTA_ló_gún:

Àǹtí Àdùnní, mo ní ìbéèrè fún yín. Tó bá jẹ́ DVD ló ta PS2, PS3 ńkọ́? Òun náà gbé Blu-ray, síídì fíìmù tí àwòrán ẹ̀ mọ́ ju ti DVD lọ, wá lọ́dún 2006 yẹn, ẹ̀rọ Blu-ray gan-an wọ́n ju PS3 lọ nígbà náà, kí ló dé tí Wii fi ń fẹyìn ẹ̀ gbálẹ̀?

Àdùnní_Peckham:

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo yìn ẹ́. Mo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí PS3 dé o, àmọ́ mo mọ ohun tí màmá Ìjẹ̀bú yẹn ì bá sọ. $499 fún kékeré, $599 fún ńlá ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2002 màmá yẹn ti fẹ́ ra DVD tẹ́lẹ̀ kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa, PS2 kàn bá a gé ìnáwó kan kúrò ni. Lọ́dún 2006, ta ló ní òun ń wá Blu-ray? DVD tí wọ́n ní nílé ò tíì gbó, HD DVD àti Blu-ray sì ń bára wọn jà, o ò mọ èyí tó máa kú. O tún ní láti ra tẹlifíṣọ̀n tuntun kó o tó rí ìyàtọ̀ tó ń ṣe. Nítorí náà, lẹ́yìn $599, tẹlifíṣọ̀n ṣì ń bọ̀. PS2 ń dín ìnáwó ẹ kù, PS3 ń bá ẹ wá ìnáwó míì.

Àti pé Sony gan-an ń pàdánù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí wọ́n tà nígbà yẹn, bó ṣe wọ́n tó. Ìgbà tí wọ́n mú PS3 pẹlẹbẹ jáde lóṣù kẹsàn-án 2009, tí owó ẹ̀ wálẹ̀ sí $299, lèmi gan-an rà á. Ẹ ò rí i pé $299 yẹn ni iye tí wọ́n ta PS1 nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 1995, òun ni wọ́n ta PS2 ní 2000? PS3 padà tà ju 87 mílíọ̀nù lọ, àmọ́ ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

bàbá_ìbejì:

Kí Microsoft náà má rò pé a ti gbàgbé 2013 o. Xbox One $499 torí wọ́n fi kámẹ́rà Kinect há a lọ́rùn, o fẹ́ o kọ̀, o gbọ́dọ̀ rà á. PS4 dé ní $399. Kò pé oṣù méje tí wọ́n yọ Kinect kúrò kí owó lè bára mu. Èmi ò fẹ́ kámẹ́rà tó ń wò mí ní pálọ̀ mi tí mo wọ ṣòkòtò péńpé, tẹ́ ẹ bá fi ṣe ọ̀fẹ́ gan-an mi ò gbà á.

Ẹ̀gbọ́n_Mọ́kọ́lá:

@bàbá_ìbejì ó dáa bẹ́ ẹ ṣe sọ ti ṣòkòtò 😂 Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, owó géèmù ayé ìgbà yìí, ṣé ó ń jáwálẹ̀ mọ́? Láyé tiwa, tí agbára ẹ ò bá ká a, wàá ní sùúrù ọdún méjì, á wálẹ̀. Mo gbọ́ pé ní 2025, PS5 àti Xbox tó ti lé lọ́dún mẹ́rin lọ́jà, ńṣe ni wọ́n tún fowó lé e ní Amẹ́ríkà. PS5 Pro tó jáde ní 2024, $699 ni wọ́n kọ́kọ́ ta á, ihò síídì gan-an ò sí lára ẹ̀, o máa rà á lọ́tọ̀! Ilé géèmù wo lèèyàn fẹ́ fi ìyẹn ṣí?

atúnẹ̀rọṣe_Ìkẹjà:

Ẹ̀gbọ́n, ìdí ẹ̀ nìyí táwọn oníbàárà mi ṣì ń gbé PS4 tòkúnbọ̀ wá kí n bá wọn yọ eruku inú ẹ̀. Wọn ò fẹ́ tuntun.

ọmọ_bódìjà:

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Àǹtí Àdùnní, mo ka ti màmá Ìjẹ̀bú yẹn fún bàbá mi, wọ́n ní ọ̀rọ̀ DVD yẹn gan-an ló jẹ́ káwọn náà ra PS2 fún ẹ̀gbọ́n mi nígbà yẹn, àwọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé géèmù lorúkọ ẹ̀.

Mo ti gbé GameCube yẹn síná, ti UK ni, iná wa gbé e, ó sì tàn. Kò wá sí mẹ́mọ́rì káàdì nínú páálí, gbogbo ibi tí mo bá gbá géèmù dé, tí mo bá ti pa á, ó tán nìyẹn, mo tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí i rà n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ ìrísí, ẹ gbọ́ o. Lánàá mo gbé e sórí tábìlì ìjẹun, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo máa fi jáde, màmá mi ti fi ọwọ́ ìfàgbé yẹn gbé e lọ sí kíṣínì, wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì orí ẹ̀, ìbòrí ẹ̀ ṣí gbàú. Wọ́n wo inú ẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kúlà kékeré báyìí, ẹ̀kọ mélòó ló fẹ́ gbà?"